Ẹ̀jẹ̀ Alfa Sàlámì àti Jígí Ojú Mi

Nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, jígí wà lójú mi. Àwọn ọmọ mi rò pé ojú ló ń dùn mí láti ìgbà èwe. Kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Títí mo fi lé ní ogójì ọdún, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sínú iyanrìn, èmi ni wọ́n ń pè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ jókòó dáadáa. Iṣẹ́ náà dára. Èmi tí mo ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, agboolé wa ò jìnnà sí Ìdúmàgbò. Múfútáù ni orúkọ mi. Láàárín ẹ̀wádún 1950 ni mo wọ iṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Erékùṣù níbí. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà àti iye tí wọ́n ń san, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni kí n sọ fún yín.

Ọ̀gá Táíwò ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, kóòtù funfun wọn máa ń le gbagidi bí ẹni fi sítáàṣì kọ́ ọ, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín kí oúnjẹ ọ̀sán tó wọnú wọn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò, ìgò ni mo ń fọ̀. N kò fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní pípẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan tó ní róbà lẹ́yìn. Ẹnu la fi ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀ láyé ìgbà náà. O máa gún ìka aláìsàn, o máa fa ẹ̀jẹ̀ dé ojú àmì, o máa fa omi oògùn lé e, o máa mì í, o máa kán an sórí gíláàsì tí wọ́n fa ìlà sí lójú bí àwọ̀n, o máa wá bojú wo maikirosikóòpù, kí o máa ka hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan mo fà á jù, ẹ̀jẹ̀ wọ̀ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ sáré lọ yọ ẹnu. Ọ̀gá Táíwò dí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló wà lẹ́nu ẹ yẹn. Fa òmíràn, kà á parí fún ẹni tó ni ín, lẹ́yìn náà kí o lọ yọ ẹnu.”

Mo kà á parí. Ó ṣì ń rí mi lára bí mo bá rántí.

Òfin wọn tó tóbi jù ni òfin ojú méjì. Bí iye tí o kà bá ti yàtọ̀ sí ti ẹni tára rẹ̀ dá, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fa tirẹ̀, kó kà á lẹ́ẹ̀kejì, kó tó di pé ìwé lọ bá dókítà. Wọ́n máa ń sọ pé ojú kan lè purọ́ láìmọ̀, ojú méjì kì í purọ́ bákan náà. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, torí abẹ́ rẹ̀ ni mo gbà ṣubú.

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni Ràṣídì dé. Ará Ìjẹ̀bú ni, mo fi ọdún kan àti díẹ̀ jù ú lọ, Bọ̀dá Múfú ló sì ń pè mí. Wọ́n ní ojú àlejò kì í ríran. Ojú àlejò tèmi yìí ríran ju ti onílé lọ. Bí mo bá ka ẹ̀jẹ̀ ẹni mẹ́ta, á ti ka ti ẹni mẹ́rin, Ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò, á pé pérépéré. Kì í sì í yangàn, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ká ní ó ń yangàn ni, ǹ bá ti rí nǹkan sọ.

Ibi tó tún wá dùn mí sí ni pé ilé Alfa mi ló lọ wọ̀ sí. Alfa Sàlámì ló kọ́ mi ní kéwú láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Al-Kùránì wà lórí wọn látòkèdélẹ̀, wọn kì í wo ìwé. Wọ́n nà mí, mo sunkún, mo parí kéwú, wọn kò sì fìgbà kan sọ pé Múfútáù, o ṣe dáadáa. Wàyí o, nígbà Ràmàdáánì, Ràṣídì lọ bi Alfa bóyá fífa ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Alfa rò ó láti ìgbà ìrun ọ̀sán títí di ìrun alásárì, wọ́n wá ní ohun tó dúró sínú gíláàsì kò tíì wọ ẹnu, kó máa fà á, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wọ ilé kéwú ni Alfa ń sọ fún pé ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Èmi tí mo ti fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ fún odidi ààwẹ̀ kan kó tó dé ńkọ́? Mo gba ààwẹ̀ tèmi náà. N kò kàn ronú láti béèrè ni.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ẹ̀jẹ̀ Alfa. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, lọ́dọọdún, wọ́n máa ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ìdúmàgbò kó fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọrùn wọn. Wọ́n ní orí àwọn á fúyẹ́. Nígbà tí mo wọ kóòtù funfun, ọgbọ́n dé. Mo lọ bá wọn, mo ní, “Alfa, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà nù. Ní ọsibítù, wíwá là ń wá a.” Wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n ṣíwọ́. Inú mi dùn pé èmi náà wúlò. Ìyàwó wọn, Ìyá Sàfú, bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò fún wọn, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́.

Láàárín ọdún kan, ojú Alfa pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ wọn pupa. Bí wọ́n bá kọjá ní Èbúté Èrò, àwọn obìnrin tó ń ta gààrí á kí wọn pé, “Alfa, ara yín ń dán o, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára.” Oríyìn nìyẹn lójú wa. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù? Wọ́ọ̀dù wa kún fún ọmọ tí ibà ti gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ Alfa. Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná wẹ̀, ara á máa yún wọn bí ẹni sùn sínú wèrèpè. Etí wọn ń hó. Nígbà tó wá yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi kéwú kà. Ọmọdé kan ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó ní Alfa fo ìlà kan. Wọ́n nà án. Òótọ́ ló sọ.

Ràṣídì ló bẹ Alfa títí wọ́n fi wá sí ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló gún ìka wọn, òun ló kà á. Ẹni tára rẹ̀ dá, hóró ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á máa tó mílíọ̀nù márùn-ún nínú ẹ̀kán bíńtín. Ràṣídì kọ mẹ́jọ.

Ọ̀gá Táíwò mú ìwé náà, wọ́n wò ó. Ẹ̀rín ẹnu wọn ni mo rí, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò sì tíì lù. Wọ́n ní, “Tó bá jẹ́ òótọ́ lo rí yìí, Ràṣídì, a ò rí irú ẹ̀ rí níbí. Màá fúnra mi mú un tọ dókítà lọ, màá dárúkọ ẹ. Múfútáù, wá fa tìrẹ, kà á.”

Mo gún ìka Alfa. Ẹ̀jẹ̀ náà ki, dúdúdúdú ló ń jáde, ó ń lọ́ra wọ inú pípẹ́ẹ̀tì. Mo bojú wo gíláàsì. Àwọn hóró náà kún inú ìlà, wọ́n ń gun ara wọn. Mo kà á. Mo tún un kà. Mẹ́jọ ó lé díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jókòó ti maikirosikóòpù yẹn, mo ń rò ó. Bí mo bá kọ mẹ́jọ, èmi ni mo máa fọwọ́ ara mi gbé Ràṣídì gẹṣin. Ọ̀gá á dárúkọ rẹ̀ fún dókítà. Alfa tèmi, tó nà mí dàgbà, á lọ máa sọ ní ilé kéwú pé ọmọ Ìjẹ̀bú ló rí àìsàn òun. Mo wá sọ fún ara mi pé ta ni ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ pa rí? Ẹ̀jẹ̀ kì í pa ènìyàn, àìní rẹ̀ ló ń pani. Ohun tí mo fi tan ara mi jẹ nìyẹn. Mo mú gègé, mo kọ márùn-ún.

Ọ̀gá wo ìwé méjèèjì, ẹ̀rín náà lọ. Wọ́n ní a máa fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n Alfa ti dìde, wọ́n ní gígún ìka àwọn ti tó, àwọn ọmọ kéwú ń dúró de àwọn. Ọ̀gá kọjú sí Ràṣídì, wọ́n ní, “Ṣé o dá ara ẹ lójú?”

Ràṣídì wò mí. Ó ní, “Bí Bọ̀dá Múfú bá rí márùn-ún, á jẹ́ pé èmi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ kọjá àmì, sà.”

Wọ́n ní kó lọ fọ pípẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà fún Alfa ní oògùn orí fífọ́, Alfa lọ sílé. Mo jẹun yó lọ́jọ́ náà, n kò ní í purọ́ fún yín.

Kò pé oṣù méjì, àwọn ọmọ kéwú kan parí Al-Kùránì, wọ́n ṣe wọlímá wọn lójú pópó ní iwájú ilé Alfa. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo wa jókòó lórí ẹní. Alfa ló máa ṣí ètò náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń kà. Wọ́n dé àárín, wọ́n dúró. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dúró síbì kan náà. Àwọn èèyàn rò pé omijé ayọ̀ ni. Mo rí i tí ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn já wálẹ̀, wọ́n sì ṣubú lé Ràṣídì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Sàfú ń pe orúkọ wọn, wọn kò dáhùn.

Ní ọsibítù, Ọ̀gá Táíwò fúnra wọn gba ẹ̀jẹ̀ náà láti apá. Wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀pá gíláàsì, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yí pooyì kí hóró rẹ̀ lè rọ̀ sílẹ̀. Lára ẹni tára rẹ̀ dá, pupa kì í dé ìdajì ọ̀pá. Ti Alfa, ó kù díẹ̀ kó kún, omi ẹ̀jẹ̀ tó kù lókè kò ju èékánná lọ. Ọ̀gá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fún wa. Dókítà ní kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ lára Alfa díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi omi sí i.

Ràṣídì ló béèrè pé, “Ọ̀gá, hóró pupa ló ń gbé atẹ́gùn lọ sí ọpọlọ. Bí ó bá pọ̀, ṣé kò yẹ kí ọpọlọ jẹ àjẹyó ni?”

Ọ̀gá ní, “Ṣé ẹ ti dé Èbúté Èrò lọ́jọ́ tó kú ọ̀la ọjà? Ọkọ̀ ojú omi á pọ̀ débi pé wọ́n á fún ara wọn pa, kò sẹ́ni tó lè gúnlẹ̀. Ẹrù kún inú ọkọ̀, ebi sì ń pa àwọn tó wà létí omi. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ki jù, kì í lè yára gba inú iṣan tín-ín-rín. Ọpọlọ kò sì ní àká. Bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ dé ló ń jẹ ẹ́. Bí ó bá pẹ́ dé, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń gbàgbé nǹkan. Bí ọ̀nà bá wá dí pátápátá, apá ibẹ̀ á kú.”

Onígbàjámọ̀ tí kò mọ ìwé ló ti ń ṣí ọ̀nà yẹn lọ́dọọdún. Èmi ni mo ní kó dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá kọjú sí mi. “Múfútáù, kí lo rí lọ́jọ́ náà?”

“Márùn-ún, sà.”

“Ẹ̀jẹ̀ yìí kò lè jẹ́ márùn-ún lóṣù méjì sẹ́yìn. Ṣé ojú ẹ ni, àbí kí ni?”

Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo gba ojú fèrèsé. Mo ní, “Ojú mi ni, sà. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.”

Wọ́n yọ mí nídìí maikirosikóòpù lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n lọ rí dókítà ojú. Dókítà ojú ní kò sóhun tó ṣe mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà dé ibi iṣẹ́ láìmú nǹkan dání? Mo ya Ìdúmàgbò, mo ra jígí ojú kan lọ́wọ́ oníworobo, gíláàsì lásán, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣoge. Mo fi sójú, mo wọlé. Ọ̀gá wò mí títí, wọ́n ní, “Ó dáa.” Mo tún padà sídìí ìgò fífọ̀ fún ọdún kan gbáko, Ràṣídì sì jókòó sídìí maikirosikóòpù ńlá.

Ẹ̀jẹ̀ Alfa fúyẹ́, ojú wọn là. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni Ràṣídì. Èmi ni mo dúró níwájú wọn gan-an, Ràṣídì wà lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n kéwú orí wọn ti fọ́n ká. Wọ́n á rántí ìlà kan, wọ́n á wá èkejì tì. Wọ́n wá di ẹni tó ń wo ìwé bí ọmọdé. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn iṣẹ́, Ràṣídì á jókòó tì wọ́n, á máa kà á, wọ́n á máa tẹ̀ lé e. Mo sì tún jowú ìyẹn náà. Ọkùnrin tí mo sọ di akúrẹtẹ̀, mo jowú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí Ràṣídì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo yọ́ lọ, kí n lè jókòó sáyè rẹ̀. Alfa ṣí Al-Kùránì sórí igi ìgbéwèé, ojú wọn ò gbé lẹ́tà náà dáadáa. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n yọ jígí lójú mi, wọ́n fi sójú ara wọn. Wọ́n wo ìwé. Wọ́n yọ jígí, wọ́n tún wo ìwé. Wọ́n fi í sójú padà, wọ́n wá wò mí.

Wọ́n ní, “Kò sí... nǹkan... nínú ẹ̀.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: mẹ́jọ tí mo rí, márùn-ún tí mo kọ, ìdí tí mo fi kọ ọ́. Alfa yọ jígí náà lójú ara wọn. Wọ́n wá ti jígí náà sí mi lọ́wọ́.

“Mú un... lọ fún... Ràṣídì.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo jáde, mo dé kọ̀rọ̀ Ìdúmàgbò, mo fi jígí sójú, mo yà sílé wa. Alfa lo ọdún díẹ̀ sí i láyé. Wọn kò tún bi mí. Bí mo bá wọlé, wọ́n á kàn wo jígí náà lójú mi, wọ́n á sì máa bá kéwú wọn lọ.

Báyìí ni ayé iṣẹ́ mi ṣe lọ. Wọ́n rán Ràṣídì lọ sókè òkun, ó dé, ó di ọ̀gá ní ọsibítù mìíràn. Fífi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó tóbi bí àpótí aṣọ dé, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń kà á láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bínú sí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í jowú. Síbẹ̀, bí ó bá gbé iye tó ga jáde, mo máa ń tún un ṣe fúnra mi, mo sì ń rìn lọ bá dókítà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní mo le jù, wọ́n ní mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ojú àgbà dé, mo ra jígí gidi, mo fi ti àkọ́kọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mo mú un sápò, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú. Ràṣídì náà ti fẹ̀yìn tì. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ilé rẹ̀ tòrò, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kí mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo jowú ilé náà kí n tó jókòó. Mo gbé jígí náà lé e lọ́wọ́, mo la ẹnu mi, mo sọ ọ́.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Mo mọ̀, Bọ̀dá Múfú. Ẹ gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì lọ́jọ́ kan, mo fi wo ìwé, mo rí i pé gíláàsì lásán ni. Mo lọ bi Alfa.”

“Kí ni Alfa sọ?”

“Wọ́n ní kí n má bi yín. Wọ́n ní ẹ máa fọwọ́ ara yín mú un wá, kí n máa dúró.”

Ọgbọ̀n ọdún ló dúró. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, nítorí èyí ni mo fi pè yín jókòó: bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìtìjú ló kọ́kọ́ dé. Ìlara ló dé. Òun náà ni Alfa tún fi ọ̀rọ̀ mi sí lọ́wọ́.

Ràṣídì nu gíláàsì méjèèjì pẹ̀lú etí agbádá rẹ̀. Ó fi jígí náà sójú, ó sì kọjú sí mi.

Ó ní, “Mo rí yín dáadáa. Ẹ bọ́ bàtà yín, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.”